Kílò Ọjà Abidjan: Nọ́ńbà Ti Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Irin

Kò sí ẹni tó ń ta ọjà níkílò ní Adjamé tàbí Treichville l'Abidjan, yálà ọmọ Ẹ̀jìgbò tó ti pẹ́ níbẹ̀ tàbí onílé, tí kò mọ̀ pé orí òṣùwọ̀n ni ìjà ọjà ti í bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á ní kílò náà kò pé, ọlọ́jà á búra pé ó pé. Òṣùwọ̀n mìíràn ni yóò là wọ́n. Ta ni yóò wá jẹ́rìí sí òṣùwọ̀n yẹn? Ẹni tó bá tọ ìbéèrè yìí dé ìdí, ìlú Sèvres lẹ́bàá Paris ni yóò bá ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni irin kékeré kan wà nínú àpótí títì láti ọdún 1889, àdàlù pílátínọ́ọ̀mù àti irídíọ́ọ̀mù. Òun ni kílò gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e wọn pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n rí i pé láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti fi nǹkan bí ìdá 50 nínú bílíọ̀nù kan yàtọ̀ síra. Bó bá jẹ́ irin náà ló fúyẹ́, kò sẹ́ni tó lè bá a wí, nítorí òun ni kílò!

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè dìbò ní Versailles pé kí irin náà lọ sinmi. Láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019, nọ́ńbà Planck, 6.62607015 × 10⁻³⁴, ni wọ́n gbé kílò kà. Òun ló so agbára inú ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ iye ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ará Abidjan lè fura sí nọ́ńbà tí wọ́n dìbò fún. Ó mọ̀ pé CFA 655.957 ni wọ́n so mọ́ Euro kan láti ọdún 1999, kò sì gbàgbé oṣù kìíní ọdún 1994, tí CFA 50 tó ń ra owó Faransé kan di 100 lójijì. Èèyàn ló so ìyẹn, èèyàn ló sì tú u. Ti Planck kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìṣẹ̀dá kò gba ìbò. Kílò ni wọ́n gé kó lè bá a mu.

Síbẹ̀, ó ku nọ́ńbà kan tó ya olórí kunkun: G, tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń fa ara wọn mọ́ra tó. Henry Cavendish ti wọn agbára yìí ní 1798. Ìgbìmọ̀ CODATA, tó ń ṣa èsì ilé ìwádìí káàkiri ayé jọ, tó sì ń gbé iye tí wọ́n fọwọ́ sí jáde ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, kọ 6.67430 × 10⁻¹¹ sílẹ̀ fún un ní 2018. Iye náà ni wọ́n tún kọ ní 2022. Èsì àwọn ilé ìwádìí kò tíì bára mu. Agbára yìí kan náà ló ń fa iṣu sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Adjamé.