Tìróò Lójú Ọmọ Ọwọ́

Ọ̀pọ̀ òbí a máa wá ohun àdáyébá rà fún ọmọ, wọn a ní kò ní ewu. Àdáyébá ni tìróò pẹ̀lú: òkúta tí a lọ̀ kúnná ni, òjé a sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, a bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ olóṣù mẹ́fà kan tí wọ́n ń lé tìróò tí a rà ní Nàìjíríà fún. Nínú ìwọ̀n 100 tìróò náà, òjé ju 82 lọ. Ọmọ a fi ọwọ́ nu ojú, a sì fi ọwọ́ náà sí ẹnu. Òjé a máa ba ọpọlọ jẹ́ láìsí ìrora. Ìyá àgbà lè bínú, ṣùgbọ́n kí a nù ún kúrò, kí a sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.