Kọ́bọ̀ Kíláàsì àti Ẹni Tí Í Ṣe Ọmọ Ìjọ

Nínú púpọ̀ àwọn ìjọ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọmọ ìjọ kan bá kú, ohun kìíní tí akọ̀wé yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé ni káàdì kíláàsì rẹ̀. Bí gbèsè bá wà lórí rẹ̀, a ó ṣírò rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì san án kí a tó dá ọjọ́ ìsìnkú. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti ṣe akápò ìjọ fún ọdún púpọ̀. Mo mọ bí ìṣirò náà ti ń rí. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi wá pé níbo ni a ti rí àṣà yìí, àwọn àgbà a sì máa dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a. Ìdáhùn yìí kò tó. Kọ́bọ̀ kíláàsì ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà ni ó sì sọ bí a ti di ẹni tí ó ní ìjọ tí a lè pè ní tiwa. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ìdí tí àwọn baba wa fi jáde kúrò nínú ilé ìsìn tí owó ara wọn wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ibi tí àwa ti ń ṣi owó náà lò.

Gbèsè ni ó bí kíláàsì. Ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, li oṣù kejì ọdún 1742, John Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi san gbèsè ilé ìwàásù wọn. Ẹnìkan tí à ń pè ní Captain Foy dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé tálákà pọ̀ nínú wọn tí kò lè rí pẹ́nì náà. Foy dáhùn pé kí a kó mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tálákà jùlọ lé òun lọ́wọ́. Òun yóò máa lọ bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní, òun yóò san tirẹ̀ fún un. Báyìí ni àwọn olórí bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti ilé dé ilé. Bí wọ́n ti ń lọ gba owó, wọ́n rí ọ̀mùtí, wọ́n rí ẹni tí kò sí àlàáfíà nínú ilé rẹ̀, wọ́n rí aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó dùbúlẹ̀. Wesley rí i lójúkan náà pé ohun tí òun ti ń wá nìyí, ọ̀nà àti tọ́jú ọkàn olúkúlùkù. Gbèsè Bristol ti tán tipẹ́, kíláàsì kò tán. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Foy yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

Ilẹ̀ Sàró ni àwọn ènìyàn wa ti kọ́ ọ, àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí a sì kó lọ sí Freetown. Láti ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Nígbà tí Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti C.M.S. dé Àgbádárìgì li ọdún 1842, àwọn Sàró wọ̀nyí ti wà níbẹ̀ ṣíwájú wọn. Èmi kò sì rò pé ohun àjèjì ni kíláàsì jẹ́ ní etí Yorùbá. Àwa tí a ti ń dá èésú, tí a ti ń jẹ àjọ, tí a ti ń kó ara wa jọ li ẹgbẹ́ li ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù ní ìwé tàbí àmì tirẹ̀ lọ́wọ́ olórí, kí ni ó ṣòro nínú rẹ̀? Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé a kì í kó owó yìí padà. Kí owó fàdákà tó pọ̀ ní òkè, owó ẹyọ ni a ń dá. Akápò ìgbà náà nílò alárùú, nítorí ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, tó ẹrù orí fún ọkùnrin kan. Nígbà tí owó òyìnbó gbilẹ̀, ó di kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. Kọ́bọ̀ tí mo ń wí kì í ṣe ti náírà tí ó dé li ọdún 1973. Kọ́bọ̀ àtijọ́ ni, tí méjìlá rẹ̀ ń ṣe ṣílè kan, tí 240 ń ṣe pọ́n-ùn kan.

Ẹni tí ó fi ìtumọ̀ ńlá sí owó kékeré yìí ni Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. li Ọ́ńdọ́nù láti ọdún 1841. Venn rò pé iṣẹ́ míṣọ́nárì dàbí pákó tí bíríkìlà ń gùn kọ́lé: bí ilé bá parí, a ó tú u kúrò. Ó là á sílẹ̀ pé kí a pín àwọn onígbàgbọ́ sí ẹgbẹ́ kéékèèké lábẹ́ olórí ọmọ ìlú, kí wọ́n máa pàdé, kí wọ́n sì máa dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú àpò ìjọ. Láti inú àpò yìí ni a ó ti máa san owó oṣù pásítọ̀ ọmọ ilẹ̀. Nígbà tí ìjọ bá lè bọ́ ara rẹ̀, yóò máa ṣe àkóso ara rẹ̀, yóò sì máa rán oníwàásù tirẹ̀ jáde. Nígbà náà ni òyìnbó yóò tẹ̀síwájú sí ibòmíràn. Ilẹ̀ Sàró ni a ti kọ́kọ́ ṣe é li ọdún 1861 lábẹ́ orúkọ Native Pastorate, a sì gbé e wá sí Èkó lẹ́yìn ọdún 1870. Nígbà tí a fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù li ọdún 1864, àwọn baba wa gbà pé ọ̀rọ̀ Venn ti ń ṣẹ.

Ọwọ́ tí ń fúnni ní í lékè. Èyí kò ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀. James Johnson, tí ó ti ilẹ̀ Sàró wá sí Èkó li ọdún 1874, tí ó sì di pásítọ̀ St. Paul's, Breadfruit, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé ìjọ tí ń retí owó láti òkè òkun kò tíì di ìjọ. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n sì dáwó. Ọlọ́lá kò gbẹ́yìn: nígbà tí T. B. Macaulay fẹ́ dá Grammar School sílẹ̀ li Èkó li ọdún 1859, oníṣòwò J. P. L. Davies ni ó fi £50 ra ìwé àti ohun èlò fún un.

Ṣùgbọ́n Venn kú li ọdún 1873, àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Li ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dé ojú odò Ọya, wọ́n gba àkóso mọ́ bíṣọ́ọ̀bù arúgbó lọ́wọ́. Crowther kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni a sì fi sí ipò rẹ̀. Olúwọlé àti Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù li ọdún 1893, ṣùgbọ́n igbákejì ni wọ́n. A ti sọ fún àwọn ènìyàn wa pé owó ni ẹnu ọ̀nà. Wọ́n san owó, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní títì.

Li ojú tèmi, nínú ohun tí ó fa ìpínyà àwọn ọdún wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni ó kéré jùlọ. Àwọn Onítẹ̀bọmi ni ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 dé 1865, owó kò wá mọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó rán míṣọ́nárì sí wọn, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ li Èkó ni kò sì jẹ́ kí iná kú. Àwọn tí ó ti fi ojú rí èyí kò lè gbà mọ́ pé láìsí òyìnbó kò sí ìjọ. Li ọdún 1888 ìjà dé láàrin míṣọ́nárì W. J. David àti àlùfáà Moses Ladejo Stone. Ọ̀rọ̀ owó oṣù Stone wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni pé ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti gba pásítọ̀ síṣẹ́ tàbí láti jẹ́ kí ó lọ. Native Baptist Church jáde wá. Nínú wọn ni David Brown Vincent wà, ẹni tí ó bọ́ orúkọ yìí sílẹ̀ li ọdún 1894, tí ó di Mojola Agbebi. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó wò ó, ó rí i pé ilé Vincent kì í ṣe ilé òun. Ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá títí láé: nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi tún kó ara wọn jọ ní Ìbàdàn li ọdún 1914, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ.

United Native African Church tẹ̀lé e li ọdún 1891. Li oṣù kẹwàá ọdún 1901, nǹkan bí 600 ènìyàn jáde ní Breadfruit, nítorí bí a ti mú James Johnson kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Johnson fúnrarẹ̀ kò bá wọn lọ; nínú C.M.S. ni ó wà títí ó fi kú li ọdún 1917. Àwọn tí ó jáde ni ó dá African Church sílẹ̀. Ilé ìsìn kò bá wọn jáde. Ìgbà yìí ni wọ́n mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a san owó, ọ̀tọ̀ ni kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni. Li ọdún 1917 kan náà, àwọn kan nínú Mẹ́tọ́díìsì Èkó jáde, wọ́n sì dá United African Methodist Church, tí à ń pè ní Ẹlẹ́jà, sílẹ̀. Ọ̀ràn oníyàwó púpọ̀ ni ó fa tiwọn. Kì í ṣe ibí yìí ni mo ti fẹ́ ṣe ìdájọ́ lórí aya kan tàbí aya mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí i pé ìjọ tí ń gba kọ́bọ̀ ọkùnrin kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì ka ọkùnrin náà sí ẹni tirẹ̀, kò lè ṣàì gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Gbogbo àwọn tí ó jáde wọ̀nyí ni ó gbé kíláàsì dání lọ. African Church tún rí ohun mìíràn ní Agége, níbi tí Jacob Kẹ́hìndé Coker gbé dá oko kòkó ńlá. Àwọn alágbàṣe ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá wá síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, wọ́n mú ẹ̀kọ́ kòkó àti ìsìn ìjọ náà lọ pọ̀. Iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀ èmi a máa ṣọ́ra fún ìjọ tí owó rẹ̀ ti ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ olóore bí i ti Coker. Kọ́bọ̀ opó mú kí opó lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Níbi tí ọlọ́lá kan bá ti kan òrùlé, tí ó sì ra dùùrù, tọwọ́tẹsẹ̀ ni àwọn yòókù fi ń dákẹ́.

Àkókò náà ti kọjá. Li ọdún 1951 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ìjọ Áńgílíkà ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà gba òmìnira li ọdún 1962. Áńgílíkà Nàìjíríà di ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀ li ọdún 1979. Kò sí òyìnbó tí ń di kọ́kọ́rọ́ mú mọ́. Owó tí a fi ń jà fún òmìnira kò ní ẹni tí yóò bá jà, ó sì yí padà sí àwọn ọmọ ilé. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀rí pé ìjọ jẹ́ tiwa ti di ẹ̀rí bóyá àwa jẹ́ ti ìjọ. Mo mọ èsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi akápò yóò fọ̀: owó oṣù àlùfáà kò lè dúró, owó tí dáyósíìsì bù lé ìjọ kò lè dúró, bí a kò bá sì mú ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí yóò san. Òtítọ́ ni. Kò sí ìjọ tí ń jẹ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ọdún mẹ́wàá tí a jí dìde ní ẹ̀bá òkú ń fi hàn pé fún ọdún mẹ́wàá, olórí kíláàsì kò kan ilẹ̀kùn ẹni náà. Bí ó bá kàn án, yóò ti mọ̀ pé ìfẹ̀yìntì ni ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí àìsàn, tàbí pé ẹnìkan nínú ìjọ ṣẹ̀ ẹ́. A ń ka ìdánilẹ́bi náà sórí òkú, a sì ń gba ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ.

Nítorí náà, èmi kò dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ní kí a pa kíláàsì rẹ́. Bí a bá pa á, ìjọ yóò padà sọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá, opó yóò sì padà sí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Kí a kọ gbèsè sílẹ̀ nígbà tí ẹni náà wà láàyè, kí a sì bá a sọ ọ́ láàyè. Ní ọjọ́ tí ó bá kú, kí a pa ojú ewé náà dé. Kí a máa ka ìwé owó ìjọ sétí gbogbo ènìyàn li èdè Yorùbá, iye tí ó wọlé, iye tí ó lọ sí dáyósíìsì, iye tí ó kù. Àti ní ìpàdé ọdọọdún, lẹ́yìn tí olórí kíláàsì bá ti ka iye tí ó gbà, kí ẹnìkan dìde bi í pé: nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé rẹ, àwọn mélòó ni o lọ bẹ̀ wò nílé li ọdún yìí, àwọn mélòó ni o sì san tiwọn fún?