Mémoire ńkọ́?

Bí ọmọ wa kan bá ti Abomey-Calavi tàbí Parakou dé, tí ó sọ pé òun ti ka ẹ̀kọ́ màsítà nínú òfin ìwà ọ̀daràn tán, inú wa a dùn, a ó sì máa pè é ní adájọ́ ọ̀la. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè pé: mémoire ńkọ́?

Ètò LMD, tí àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA fọwọ́ sí ní 2007, ṣe kedere. Lísáǹsì jẹ́ krédì 180. Màsítà jẹ́ 120, nínú semestre mẹ́rin. Ìdánwò nìkan kò lè kó gbogbo rẹ̀ jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ mémoire, kí ó sì gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ olùkọ́. Ẹni tí kò ṣe soutenance kò ní màsítà, ìbáà ṣe ipò kìíní ní kíláàsì. Owó a máa dá àwọn kan dúró níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn kò rí ohun tí àwọn yóò kọ lé lórí.

Ti àwọn wọ̀nyí ni kò yé wa. Ilé-ẹjọ́ wà ní Savalou. Faransé ni a fi ń dájọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn agbègbè wa sì ń sọ Itcha, Ifẹ̀ tàbí Mahi, nítorí náà ògbufọ̀ ní láti dúró láàárín. Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan ṣoṣo. Nílé wa, àgbà lè sọ pé "ẹ̀bi mi ni" kí ìjà lè tán, kí ẹbí má baà tú ká, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "je suis coupable", ẹ̀bẹ̀ ti di ìjẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e. Odidi mémoire wà nínú ìyẹn, ọmọ tó gbọ́ èdè méjèèjì ni yóò sì kọ ọ́ dáadáa.

Ìwé òfin ọ̀ràn dídá fúnra rẹ̀ ṣì tuntun: kí òfin ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2018 tó dé, ti Faransé ọdún 1877 ni Bénin ṣì ń lò. Fífi méjèèjì wéra kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ìgbẹ́jọ́ gbangba kò béèrè àṣẹ: kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kí ó tẹ́tí, kí ó máa kọ sílẹ̀. Ìwé ẹjọ́ yàtọ̀. Kí ó kọ̀wé sí ààrẹ ilé-ẹjọ́, pẹ̀lú lẹ́tà láti faculté rẹ̀, kí ó má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ rẹ̀. Semestre kẹta ni kí ó ti kọ lẹ́tà náà, nítorí èsì lè pẹ́.