Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Lọ́yà tó dúró ti olorì ilẹ̀ Faransé

Oṣù Kẹwàá ọdún 1793, ní Paris. Àwọn ajàjàgbara ti bẹ́ ọba lórí láti Oṣù Kìíní. Ó wá kan Olorì Marie Antoinette. Claude-François Chauveau-Lagarde wà lára lọ́yà méjì tí yóò gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Ọ̀la ni ìgbẹ́jọ́, òní ni wọ́n ránṣẹ́ pè é! Ìwé ẹ̀sùn pọ̀ lọ súà. Ó ní kí olorì kọ̀wé tọrọ ọjọ́ mẹ́ta sí i, wọn ò dá a lóhùn. Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14, wọ́n pa á lọ́jọ́ 16.

Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ni Chauveau-Lagarde ti gba Ọ̀gágun Francisco de Miranda, ọmọ Venezuela, sílẹ̀ lóṣù Karùn-ún.

Lọ́jọ́ 10 Oṣù Kẹfà 1794 ni nǹkan wá bàjẹ́ pátápátá. Òfin tuntun ní ẹni tí wọ́n bá pè ní ọ̀dàlẹ̀ kò gbọdọ̀ ní lọ́yà mọ́. Ìdásílẹ̀ tàbí ikú, kò sí ìdájọ́ kẹta. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ilé ẹjọ́ mọ́.

Wọ́n ti Chauveau-Lagarde fúnra rẹ̀ mọ́lé. Ẹ̀yìn ìṣubú Robespierre, aṣáájú àwọn ajàjàgbara náà, ló jáde. Ní àwọn ọdún 1820, arúgbó yìí ṣì ń gbèjà àwọn ọmọ Martinique tí wọ́n fìyà jẹ nítorí àwọ̀ ara wọn.