Ọwọ́ Tí A Fi Ń Kí Aláìsàn



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwọn tó ní èèyàn ní ọsibítù, pàápàá ní yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le koko, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ICU. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò aláìsàn ní mọṣáláṣí wa mọ̀ pé bí ìròyìn bá ti dé pé wọ́n gbé ẹnì kan lọ síbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń fẹ́ dìde lọ. Ìyẹn dára. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí ni pé kí ó bẹ̀ ẹ́ wò nígbà àìsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí fún yín: kì í ṣe gbogbo ẹni tó kú sí ICU ni àìsàn tó gbé e débẹ̀ pa. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé kòkòrò tí wọ́n kó nínú ọsibítù gan-an ló pa wọ́n.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìròyìn jáde lórí rẹ̀ ní 2022. Nínú 100 aláìsàn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, bíi 15 ló máa ń kó àrùn mìíràn níbẹ̀. Ní ilẹ̀ àwọn olówó, bíi 7. Nínú mẹ́wàá tó bá kó o, ọ̀kan máa ń bá a lọ. Ti ICU tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Ara tí Ọlọ́hun dá ní ilẹ̀kùn, ó sì ní ọlọ́dẹ. Awọ bò wá, ikọ́ ń lé ohun àìtọ́ kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ ń fọ ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ní ICU, àwọn ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí kí ẹ̀mí má baà bọ́. Wọ́n á ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun kí ẹ̀rọ lè máa bá aláìsàn mí, kò sì ní lè wúkọ́ dáadáa mọ́. Wọ́n á fi rọ́bà mìíràn gba ìtọ̀, wọ́n á ki òmíràn bọ iṣan ọrùn fún díríìpù. Rọ́bà wọ̀nyí ń gba ẹ̀mí là, kòkòrò náà sì ń bá wọn wọlé. Nítorí náà, ẹ lè bi nọ́ọ̀sì léèrè lójoojúmọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé rọ́bà ìtọ̀ yìí ṣì pọn dandan?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi. Bí wọ́n bá ṣe tètè yọ ọ́ tó ni ewu ṣe máa dín kù tó.

Àwọn kòkòrò ibẹ̀ ní orúkọ tó le lẹ́nu: Klebsiella, Pseudomonas, Staphylococcus, Acinetobacter. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè wà lórí irin bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ táútáú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó má kú. Kò ní ìyẹ́, kò ní ẹsẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló fi ń ṣe ọkọ̀ láti bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì: ọwọ́ dókítà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ àbúrò tó di irin bẹ́ẹ̀dì mú tó sì tún fi nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹnì kan á ní, “A ti ṣe àlùwàlá kí a tó wá.” Alhamdulillahi. Àlùwàlá wà fún ìrun, ẹ̀san rẹ̀ sì dúró, ṣùgbọ́n omi búútà láìsí ọṣẹ kò tó fún iṣẹ́ yìí, ọwọ́ yẹn sì ti di irin dánfó mú, ó ti ka owó, ó ti tẹ fóònù. Lẹ́nu ọ̀nà ICU, ẹ tún un fọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá: àárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná. Ẹ fi òrùka àti aago sílé. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kó apá jìlíbáàbù jọ kí ó má máa wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bí ìdọ̀tí kò bá hàn lọ́wọ́, sanitáísà tí wọ́n gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà tó, ó sì yá jù: 20 sí 30 ìṣẹ́jú àáyá. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wa ti máa ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n á ní ọtí ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe apòògùn ló ń ṣe fatwa, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíhì ti Muslim World League ṣe ìpàdé wọn kẹrìndínlógún ní Mẹ́kà, wọ́n sì gbà pé a lè lo álíkọ́ọ̀lù lóde ara láti fọ ọgbẹ́ àti láti pa kòkòrò. WHO tọ́ka sí i nínú ìlànà ìmọ́tótó ọwọ́ tó gbé jáde ní 2009. Ní ti iṣẹ́ tiwa, ohun tí a mọ̀ ni pé kíá ló ń gbẹ kúrò lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó máa ti àtẹ́lẹwọ́ yó.

Omi Zamzam ní ìbùkún, a kò jiyàn. Àmọ́ ẹni tí rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ kò lè gbé omi mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni omi yẹn lè gbà lọ. Omi tó sì ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì láti Háàjì èṣí, tí a ń ṣí tí a ń dé, kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má kán an sí i lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ ka rukiya, ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí ẹ kà á, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ojú ọgbẹ́ tàbí ẹnu rọ́bà. Ẹni tó ń wúkọ́, kí ó ṣe àdúà tirẹ̀ láti ilé.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ asalátù wa ní àrùn rọpárọsẹ̀, wọ́n gbé e wọ ICU. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń hó. Klebsiella ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, oògùn mẹ́rin nínú márùn-ún tí wọ́n dán wò ni kò sì ran kòkòrò náà. Àwọn ọmọ ta mọ́tò kí wọ́n tó rí owó ìkarùn-ún. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó lè gbé ṣíbí. Ọwọ́ ta ló gbé e wá? Kò sẹ́ni tó lè sọ.

Ohun tó jẹ́ kí ó le tó bẹ́ẹ̀ ni pé kòkòrò ti mọ oògùn wa. Bí àǹtíbáyọ́tììkì bá wọ àárín wọn, àwọn tí kò lágbára á kú, àwọn alágbára á ṣẹ́kù, àwọn yẹn ni yóò sì bímọ. E. coli lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú bí ibi bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ aládùúgbò wọn, kódà èyí tí kì í ṣe ẹ̀yà tiwọn, ní bí wọ́n ṣe ń gé oògùn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Dókítà á wá bọ́ sórí meropenem, tí owó rẹ̀ ń da ẹbí láàmú. Bí ìyẹn bá kùnà, ó lè ku colistin nìkan, oògùn àtijọ́ tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tì tẹ́lẹ̀ nítorí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìwádìí kan tí The Lancet tẹ̀ jáde ní 2022 ṣírò pé ní 2019 nìkan, àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa 1.27 mílíọ̀nù èèyàn lágbàáyé. Agbègbè tiwa, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi wé iye olùgbé.

Àwọn ọsibítù ní ẹ̀bi tiwọn, wọ́n ń lo àǹtíbáyọ́tììkì bí omi. Àwọn oníbàárà wa náà ńkọ́? Ẹnì kan á wọlé: “Ẹ fún mi ní Ampiclox méjì.” Kóró méjì ni, nítorí ọ̀fìnkìn! Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, Ampiclox kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn ń tú tetracycline sójú ọgbẹ́. Ẹlòmíràn, wọ́n ti ní ó ní taifọ́ọ̀dù nígbà kan, ó wá ń gbé oògùn taifọ́ọ̀dù mì lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé tó. Bí a bá ní kí wọ́n lọ gba ìwé dókítà, wọ́n á bínú pé kẹ́místì iwájú á tà á fún àwọn. Òótọ́ ni, á tà á. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kòkòrò tó ń da aláìsàn láàmú ní ICU, inú ìfun òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá, pẹ̀lú gbogbo ohun tí oògùn àdáṣe ti kọ́ wọn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé èèyàn yín wọ ICU, ẹ kó páálí gbogbo oògùn tó lò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn dání, títí kan èyí tí ẹ rà láìsí ìwé, kí ẹ fi han dókítà. Ẹ má tijú. Ibẹ̀ ni yóò ti fura sí oògùn tí kòkòrò náà ti mọ̀, kò sì ní fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ṣòfò sórí rẹ̀.