Ìgbín Tí Kò Lè Gbé Láìsí Iyọ̀

Ọ̀rọ̀ ìgbín la mú wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ìgbín ọbẹ̀. Ìgbín tiwa, bí èèyàn bá da iyọ̀ lé e lórí, ó parí. Èyí tí a fẹ́ sọ yìí, bí iyọ̀ bá dín nínú omi rẹ̀ ló ń kú.

Ọmọkùnrin kan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa láti Kútọnu. Ó ń bá ẹnì kan tọ́jú ilé. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ ọ̀gá náà, omi iyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja aláràbarà àti iyùn tó ṣì wà láàyè. Ọ̀gá ní kí wọ́n bá òun ra ogún ìgbín òkun láti ìlú òyìnbó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mẹ́rìndínlógún ti kú. Ọ̀gá wá ní òun máa yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù ọmọ náà. Ó bi wá pé, "Ṣé èmi ni mo pa wọ́n?"

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi ìgbín ṣe níbẹ̀? Ẹ mọ ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ lára ìkòkò omi tí oòrùn ń pa. Òun náà ló ń hù lára gíláàsì àti òkúta inú àpótí yẹn, torí iná tí wọ́n ń tàn fún iyùn, àti torí pé ìgbẹ́ ẹja di ajílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á bo iyùn mọ́lẹ̀. Ìgbín òkun ní ahọ́n tó rí ṣákiṣàki bí ayùn, òun ló fi ń há a jẹ.

Ẹ má sì rò pé àjèjì ni wọ́n sí wa. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, ìkarahun ìgbín òkun ni. Láti àwọn erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o gba Yúróòpù wá sí Ouidah, wọ́n sì fi í ra ọmọ èèyàn. Bó bá wà láàyè, ẹran ara rẹ̀ máa ń jáde bo ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn náà fi ń dán. Lónìí, wọ́n ń tà á láàyè fáwọn tó ní irú àpótí yìí, torí òun náà ń jẹ ewé omi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá àbúrò wa lóhùn. Omi òkun ní bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Bí omi tó yí ìgbín òkun ká bá ṣe rí ni inú ara rẹ̀ ń rí, kò lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn wá lè má bá ti inú àpótí dọ́gba. Ọmọ náà sọ pé ṣe lòun da gbogbo wọn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó yẹ ni kí ọ̀rá kọ́kọ́ léfòó lórí omi àpótí títí ooru wọn á fi bára mu. Lẹ́yìn náà, kí ó kó ìgbín àti omi wọn sínú garawa, kí ó máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kán omi àpótí sí i, tó-tó-tó, fún wákàtí kan sí méjì. Ìgbà náà ni yóò kó ìgbín wọlé, tí yóò da omi ọ̀rá nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Djègbadji lẹ́bàá Ouidah, níbi tí àwọn ìyá ti ń se iyọ̀, ẹ mọ̀ pé omi ló ń lọ, iyọ̀ ò lọ síbì kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú àpótí. Nítorí náà, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi máa dí èyí tí oòrùn fà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó dùn wá jù. Ó ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ da oògùn sínú omi torí ẹja ní àmì funfun lára. Púpọ̀ nínú oògùn bẹ́ẹ̀ ló ní bàbà nínú, bàbà sì ni májèlé ìgbín. Ó máa ń sá pamọ́ sára òkúta àti yanrìn, á sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohun ìdánwò wo omi náà bóyá bàbà ṣì wà níbẹ̀. Lójú tiwa, kò yẹ kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò kọ́ níṣẹ́.

Bí wọ́n bá máa ra òmíràn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta péré. Èyí tí wọ́n ń pè ní Trochus dára, torí bó bá dojú dé, á tún ara rẹ̀ yí padà. Astraea kì í sábà lè ṣe é, àfi kí èèyàn bá a gbé e. Nassarius kì í jẹ ewé omi rárá, òkú ẹran ló ń wá. Bí ewé omi bá sì tán, ebi ló ń pa wọ́n kú, àfi kí ẹ fún wọn ní ewé òkun gbígbẹ.

Àbúrò, ọwọ́ rẹ náà ńkọ́? Bí egbò bá wà níbẹ̀, má kì í bọ omi yẹn láìwọ ìbọ̀wọ́. Kòkòrò àrùn kan wà tó ń gba ojú egbò wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kókó á so lọ́wọ́, kò sì ní lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀, sọ fún dókítà pé àpótí ẹja lò ń fọ̀, torí oògùn rẹ̀ yàtọ̀, oṣù mélòó kan ni wọ́n sì ń lò ó. Má sì se òkúta inú rẹ̀ lórí iná láti fọ̀ ọ́. Àwọn iyùn kan lóró, èéfín omi náà ti dá àwọn ará ilé dùbúlẹ̀ rí.

Mẹ́rin tó ṣẹ́kù yẹn, máa gbé wọn wò láràárọ̀. Èyí tó bá ń rùn, yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó tó ba omi jẹ́ mọ́ ẹja lára.