Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń tàn kálẹ̀, igba ojú wọ̀nyí kúrò lára ọmọ. Wọ́n ti ilé-ìwé pa. Olùkọ́ tí í tètè rí ojú àpá lára ọmọ kò rí i mọ́. Nígbà tí ó di ìparí oṣù náà, ìjọba Ọ̀ṣun ní kí onílé gbélé. Abiyamọ tí ó wà ní Iléṣà kò lè wọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́ lọ sí Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà, láti fi ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn.

Bí ẹni tí ń fìyà jẹ ọmọ bá ń bá a gbé inú ilé kan náà ńkọ́? Ta ni ọmọ náà yóò ké sí? Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn gómìnà ilẹ̀ wa pohùn pọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọdé ti di ọ̀ràn pàjáwìrì.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Ẹgbẹ́ National Children's Alliance ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó wà lórí tẹlifóònù kò rí ẹsẹ̀ ọmọ tí ń gbọ̀n, kò sì rí ẹni tí ó fetí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ọ̀daràn náà bá wà nítòsí, ọmọ yóò ní kò sí nǹkan kan.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ wá ibi ìdákẹ́jẹ́ fún ọmọ, tí kì í ṣe ilé tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Kí ẹ̀yin pàápàá jáde síta, kí ọmọ lè sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe wí pé, "Ṣé bùọ̀dá Lágbájá fọwọ́ kàn ọ́?" Ẹ wí pé, "Ọmọ mi, sọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi," kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì máa tún un bi léraléra, nítorí ọmọ lè rò pé èsì àkọ́kọ́ kò dára, kí ó yí i padà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Oògùn tí ń dènà kòkòrò àrùn éèdì kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 72 lọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti ní tirẹ̀. Ọ̀nà ti là báyìí, Àbẹ̀rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ọmọ tó dé etí ìjọba, etí ìyá ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ kí ó bá etí tí ń gbọ́ pàdé. A kò ní fojú sunkún ọmọ o.